Bí Ìwé Àgùdà Ṣe Rì sí Ọ̀sà

Àkàrà ni mò ń jẹ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Jíbrílù, ọkọ mi, kò sì jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdúmàgbò, níbi tí a ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Mò ń bu àkàrà gbígbóná sẹ́nu jẹ́jẹ́ mi, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bá já bébà tí wọ́n fi dì í gbà lọ́wọ́ mi. Àkàrà fọ́n ká ilẹ̀. Mo ní, "Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ń fi etí bùbá rẹ̀ nu epo kúrò lára bébà yẹn, ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí. Orúkọ Ọlọ́run ló wà lára rẹ̀."

Mo ní bí orúkọ Ọlọ́run bá wà lára bébà, ṣé kò rí i pé ọ̀fun tèmi wà lára àkàrà ni? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ra àkàrà mìíràn fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, lọ́jọ́ kẹta ó tún wá, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń wá tàbí bébà. Ìyá mi ló sọ pé ọkùnrin tó bá lè bẹ̀rù Ọlọ́run dórí bébà àkàrà, kò ní fìyà jẹ ọmọ òun. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kò fìyà jẹ mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ pọ̀.

Ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Bàbá rẹ̀, Alfa Àkàndé, kì í ṣe alfa oníwàásù, adìwé ni wọ́n. Láyé ìgbà tiwọn, Kùránì a máa dé sí Èkó ní abala-abala láìní èèpo. Bàbá á rán an, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ ṣe èèpo fún un. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni ọkọ mi jókòó sí tó fi kọ́ṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọkùnrin, Kùránì tó ti ní èèpo tó ń dán ti ń bá ọkọ̀ ojú omi dé láti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ta ló tún fẹ́ gbé tirẹ̀ wá fún adìwé? Iṣẹ́ dá páú. A sì ti bí ìbejì nígbà yẹn, Táíwò àti Kẹ́hìndé, àwọn méjèèjì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Èmi ni mo wá iṣẹ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rántí sọ ọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá ra òwú lọ́wọ́ mi, Bàbá Felísíánò, ará Pópó Àgùdà. Àwọn bàbá ńlá wọn wà lára àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé. Òwú funfun tó nípọn ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á kọ́kọ́ fà á wò bóyá á já, wọ́n á ní, "Sàfúrátù, èyí kò lágbára. Ìwé ni mo fẹ́ fi rán, kì í ṣe ìkọ́mú." Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé ìwé wo ló ń jẹ òwú tó báyìí. Wọ́n ní ìwé àdúrà ni, pé àwọn ni olórí adìwé ní Ilé Ìtẹ̀wé Ìràwọ̀ Òkun, ilé ìtẹ̀wé ìjọ Àgùdà, pé látìgbà tí Póòpù ti gbà kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣe Mísà, iṣẹ́ ti ju ọwọ́ lọ. Mo ní ọkọ mi ń dìwé. Wọ́n ní irú ìwé wo? Mo ní Kùránì. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá lè di Kùránì tí alfa ń ṣí láràárọ̀ tí kò tú, sọ fún un kó wá rí mi lọ́la."

Ẹ̀yin ẹ wá gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn! Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí ni ọmọ Alfa Àkàndé ń wá nílé Àgùdà. Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Màríà. Mo dá wọn lóhùn pé Màríà wà nínú Kùránì, odindi súrà ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n lọ bi alfa wọn bí wọn kò bá gbà mí gbọ́. Látọjọ́ náà wọ́n jẹ́ kí n pọnmi ní ìrọ̀rùn.

Ọkọ mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ìtàn ilé ìtẹ̀wé ni a fi ń jẹun alẹ́. Ó ní Fádà òyìnbó kan tó ti kú ló mú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wá, pé inú ilé tí wọ́n ti ń kó epo pupa pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, nítorí náà gbogbo Kàtíkísìmù tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ló ń rùn bí ọbẹ̀. Ó ní nígbà ogun abẹ́lé, bébà wọ́n gan-an, wọ́n wá ń tẹ àdúrà sórí káàdì tí kò ju páálí ìṣáná lọ, àwọn ará ìjọ sì ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Mísà Yorùbá kọ́kọ́ jáde, ó ní àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé rárá wá rà á, wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n ní ó tó kí Ọlọ́run gbọ́ èdè àwọn náà. Bó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, ojú rẹ̀ á máa tàn. Èmi á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹun, ọbẹ̀ ń tutù." Kò ní gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́ níbẹ̀. Kò sí ilé ìtẹ̀wé tí bébà kì í bàjẹ́: tàdáwà á yí i, ẹ̀rọ á ká a kò. Àwọn tó bàjẹ́ yẹn ni wọ́n ń tà fún àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà. Ibẹ̀ gan-an ni bébà àkàrà mi ọjọ́sí ti wá! Ara ọkọ mi kò gbà á. Ó lọ bá ọ̀gá wọn, Fádà Kọ́nọ̀, òyìnbó ará Áyálàndì tó ti pẹ́ l'Ékòó, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Fádà ní kí wá ni àwọn Mùsùlùmí ń ṣe sí irú bébà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "A kì í jẹ́ kó wà nílẹ̀, Fádà, a kì í fi di nǹkan. A máa ń sin ín, tàbí ká rì í sínú omi."

Fádà gbé gègé ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn náà bá ti yà sí mímọ́, bó bá bàjẹ́, wọn kì í sọ ọ́ sí ààtàn, àwọn kàn kò rò ó kan bébà rí ni. Wọ́n fún un ní igun kan lójú fèrèsé nínú yàrá ẹ̀rọ, pé gbogbo èyí tó bá bàjẹ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa kó o sí, kí Jíbrílù máa gbé e lọ.

Bí yàrá mi ṣe di ilé bébà nìyẹn. Àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tó bá ti kún, òun àti Alfa Bashiru, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa, á wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí àárín ọ̀sà, wọ́n á so òkúta mọ́ ọn, wọ́n á rì í. Alfa Bashiru náà ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé àdúrà àti àsìkò ààwẹ̀ fún àwọn ará mọ́sáláṣí. Nítorí náà, àwọn àti ọkọ mi gbọ́ ara wọn yé dáadáa. Èmi ni wọn kò gbọ́ yé.

Ó wá di ọdún 1975. Ilé ìtẹ̀wé fẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà ní oṣù kẹjọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìtàn ilé náà fún ọjọ́ yẹn. Ojú Bàbá Felísíánò ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ fún Fádà pé Jíbrílù ni kó gba ipò àwọn gẹ́gẹ́ bí olórí adìwé. Ọ̀gbẹ́ni Agústínì, akọ̀wé ilé náà, fò dìde. Ó ní ọmọlúàbí ni Jíbrílù, kò sẹ́ni tó jiyàn, ṣùgbọ́n ṣé Mùsùlùmí ni yóò wá máa ṣe olórí níbi tí wọ́n ti ń di ìwé Mísà? Ṣé ìjọ kò ní ọmọ ni? Fádà ní kí wọ́n fún un ní ìwé ìtàn yìí dì ná, bó bá dára, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ẹ ò rí i pé ohun ńlá nìyẹn? Ọkọ mi tí mo mọ̀, tí kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ ipò yẹn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú oorun. Kì í ṣe torí owó oṣù. Bàbá rẹ̀ kú pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ ìdìwé ti parí nílé àwọn, ìyẹn ló ń dùn ún.

Òjò ọdún yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, òrùlé yàrá ẹ̀rọ jò. Kristófà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tẹ ẹ̀rọ, sáré kó abala tó kẹ́yìn nínú ìwé ìtàn náà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán, kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò. Ibi tó rí tó gbẹ ni igun ojú fèrèsé. Ó gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó fi ìwọ̀nba tí omi ti bà jẹ́ bo orí rẹ̀ kí ìyókù má baà tutù, ó jáde lọ wá káfíńtà. Kó tó dé, ẹnì kan gba ibẹ̀ kọjá, ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Jíbrílù dé igun yẹn láti kó bébà ọ̀sẹ̀ náà, ohun tó rí ni bébà tútù, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" gàdàgbà lórí rẹ̀, àmì bàtà lórí orúkọ Ọlọ́run. Háà! Ẹ ò mọ ọkọ mi. Ẹ lè gbá a létí kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí? Ojú rẹ̀ ṣú. Kò wo abẹ́ rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní "Astafurúlláhì," ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó kì í mọ́lẹ̀, ó gbé e jáde, nítorí kò fẹ́ kí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ títí òun á fi kírun Jímọ̀ dé.

Nígbà tó gbé e délé mo ní, "Bàbá Ìbejì, ìwé tó bàjẹ́ wo ló wúwo tó báyìí? Àbí gbogbo Àgùdà ló bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, òun àti Alfa Bashiru wa ọkọ̀ lọ. Alfa ló so òkúta mọ́ ọn, wọ́n tún ní kí wọ́n wà á jìnnà sí i kó lè rì dáadáa. Ó rì dáadáa.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Kristófà wá bèèrè. Ó ní, "Bọ̀dá Jíbrílù, abala tó kẹ́yìn dà? Èyí tí mo fi bébà tútù bò lórí lójú fèrèsé." Ìgbà yẹn ni ọkọ mi tó mọ ohun tó wà nínú àpò tí wọ́n rì. Ó lè pa á mọ́ra o! Ta ló rí i? Ó lè ní olè ló kó o. Ṣùgbọ́n tààrà ló gba ọ̀dọ̀ Fádà lọ, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Fádà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù. Wọ́n ti tú àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ká, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ṣe é tò padà. Bébà ni kò sí. Lọ́dún náà, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá ti kún iwájú Èkó pitimu, wọn kò ráyè já ẹrù, bébà ilé ìtẹ̀wé sì wà nínú ọ̀kan lára wọn tí ojú ń rí lókèèrè tí ọwọ́ kò tó. Ọ̀gbẹ́ni Agústínì ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó ti kó ìtàn wa dà sómi." Ó ní kí wọ́n dá a dúró níṣẹ́. Fádà ní lọ́jọ́ àjọ̀dún ni wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá pinnu.

Ọkọ mi délé, kò jẹun. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo pariwo mọ́ ọn, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ ò kàn wo abẹ́ rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré?" Omi wá ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ni mo bá jókòó, mo ń rò ó: bébà ni wàhálà yìí, àbí? Ta ló ní bébà ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó lákòókò yìí? Mo dìde fùú, mo wé gèlè, mo gba ojúlé kejì lọ.

Alfa Bashiru jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rin pákò. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé dáadáa lo fi wá? Ojú rẹ kò jọ ojú ẹni tó wá kíni." Mo ṣàlàyé. Wọ́n fa pákò yọ lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìwé gidi la rì? Abájọ tó fi wúwo! Apá ṣì ń ro mí."

Mo ní, "Alfa, bébà yín ni mo wá bẹ̀ fún wọn."

"Tákàdá mi kẹ̀? Èyí tí mo tọ́jú láti fi tẹ àsìkò ààwẹ̀? Láti fi tẹ kí ni?"

"Ìwé Àgùdà."

"Lá ìláhà ìlàlláhù! Sàfúrátù, ṣé o gbádùn?"

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò kúnlẹ̀. Mo ní, "Alfa, ta ló so òkúta mọ́ ọn?"

Wọ́n yí ojú sí ojú pópó.

"Ta ló ní kí wọ́n wà á jìnnà sí i? Ẹ̀yin ni o. Ọwọ́ tí ẹ fi rì í náà lẹ ó fi gbé e jáde. Bí wọ́n bá lé ọmọ Alfa Àkàndé níṣẹ́ nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún orúkọ Ọlọ́run, kí lẹ fẹ́ wí fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá pàdé?"

Alfa wò mí, wọ́n wo pákò ọwọ́ wọn, ẹ̀rín wá ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò mọ bí Jíbrílù ṣe ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹnu yìí. Wọ́n ní àwọn á fún wọn ní bébà náà, ọkọ̀ á já ẹrù lọ́jọ́ kan, Àgùdà á sì dá a padà. Ṣùgbọ́n bébà àwọn kò gbọdọ̀ ru ọ̀rọ̀ tí ẹ̀sìn àwọn kọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ sí i lára, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á sétí àwọn.

Ọjọ́ kejì, Alfa wọ agbádá funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú tẹ̀súbáà dání, a jọ gba ilé ìtẹ̀wé lọ. Ẹ̀yin rò pé èmi á jókòó sílé? Fádà Kọ́nọ̀ fi àga fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Agústínì fà sẹ́yìn sí ìdí ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Fádà fúnra wọn ló ń kà á pẹ̀lú Yorùbá iṣu gbígbóná yẹn, Alfa sì tẹ́tí sí i bí ọlọ́pàá. Ó dé ibi kan tí wọ́n ti ń dúpẹ́ fún ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀, ìjọ sì gbé e láti etí omi wá sí ilé yìí.

Alfa gbé ọwọ́ sókè. "Fádà, ẹ dúró níbẹ̀. Ìjọ wo ló gbé e?"

Fádà ní, "Ìjọ wa."

"Irọ́ ńlá! Àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó la gbé e. Igi àgbọn la kì sábẹ́ rẹ̀ tí à ń yí i bọ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìdúró kan. Ẹ̀rọ yìí ló tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi!" Kí a tó wí, wọ́n ti bọ́ bàtà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà wọ́ lóòótọ́.

Bàbá Felísíánò sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ orí wálẹ̀, wọ́n ń fi ojú bàìbàì wọn wò ó. Wọ́n ní, "Àbí ìwọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ké 'Yéè, ìyá mi' lọ́jọ́ yẹn, tí mo bu omi fún?"

Alfa ní, "Ẹ̀yin lẹ bu omi yẹn? Mi ò tilẹ̀ dúpẹ́!"

Ọ̀rọ̀ wá di ti ọ̀rẹ́. Àwọn àgbà méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà, èyí tó ti kú àti èyí tó wà láyé, Fádà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kánkán láti fi kún un. Nígbà tí wọ́n kà á dé ìparí, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," Alfa ló kọ́kọ́ ṣe Àmín kí Fádà tó pa ẹnu dé.

Bí wọ́n ṣe tún un tò tí wọ́n tún un tẹ̀ nìyẹn. Bébà Alfa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí ènìyàn bu epo sí ẹ̀kọ, ó sì kúrú díẹ̀ ju funfun tó kù lọ. Ọkọ mi gbé ìwé náà dání, kò mọ ohun tó máa ṣe sí i. Bàbá Felísíánò ní kó gé gbogbo rẹ̀ kó bá kúkúrú mu. Mo ní, ẹ ò rí i, Àgùdà ní láti kúrú díẹ̀ kí òun àti Mùsùlùmí tó lè dọ́gba! Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ àjọ̀dún, ó ń rán, ó ń lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Òwú tó le jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni mo kó fún un. Nígbà tí Alfa rí èyí tó kọ́kọ́ parí, wọ́n ṣí i dé ibi tó pọ́n, wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Ọjọ́ àjọ̀dún bọ́ sí Jímọ̀. Wọ́n ta àtíbàbà sí àgbàlá ilé ìtẹ̀wé. Mọnsínyọ̀ kan, ènìyàn ńlá nínú ìjọ wọn, ló wá gba ìwé náà. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Alfa Bashiru, ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo di etí agbádá wọn mú. Mọnsínyọ̀ ń ṣí ìwé náà, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá dé ibi tó pọ́n. Ó dúró.

"Fádà, kí ló ṣe ibí yìí?"

Mo ní ó ti tán. Fádà Kọ́nọ̀ dìde, wọn kò fi ohunkóhun pamọ́: òjò, bàtà, àpò, òkúta, ọ̀sà, Alfa, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn kan mí kanlẹ̀, àwọn kan ń gbé ẹ̀rín mì. Mọnsínyọ̀ ní, "Níbo ni ọkùnrin náà wà?"

Jíbrílù dìde.

"Kí ló dé tí o kò wo abẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ foríjì mí, sà. Orúkọ Ọlọ́run ni mo rí, ẹsẹ̀ ènìyàn wà lórí rẹ̀. Mi ò rí nǹkan mìíràn mọ́."

Kí Mọnsínyọ̀ tó fèsì, Bàbá Felísíánò ti fi ọ̀pá gbé ara wọn dìde. Wọ́n ní, "Látọjọ́ tí ilé yìí ti wà ni mo ti ń di ìwé Ọlọ́run nínú rẹ̀. Mo ti jókòó lé e lórí. Mo ti gbé abọ́ ẹ̀wà lé e. Bó bá bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mo ń pe alákàrà kó wá gbé e, mo sì ń sùn dáadáa. Ojú mi ti lọ báyìí, mo ní láti gbé iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ta lẹ fẹ́ kí n gbé e fún? Ẹni tí kò náání rẹ̀, àbí ẹni tó náání rẹ̀ jù?"

Mọnsínyọ̀ wo Fádà. Fádà mi orí pé ó dáa. Bàbá Felísíánò bá bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdìwé kúrò lọ́rùn wọn, wọ́n nà án sí ọkọ mi. Àtẹ́wọ́ sọ! Ọ̀gbẹ́ni Agústínì náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó dáa, mo gbà, ṣùgbọ́n kó máa wo abẹ́ rẹ̀ o!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Èmi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún.

Ìgbà yẹn gan-an ni a gbọ́ ohùn ìpèrun. Ọkọ mi na ọwọ́ dé àárín ọ̀nà, ó bá fà á padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú. Jímọ̀ ti tó." Ó bẹ́ sọ́nà, Alfa Bashiru ń sáré tẹ̀lé e.

Wálàhí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú! Ohun tó ti ń fẹ́, wọ́n nà án sí i níwájú gbogbo ayé, ó ń sá lọ! Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Mọnsínyọ̀, mo ń bẹ Fádà, mo ní ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn, a ti gbìyànjú títí. Mọnsínyọ̀ ń rẹ́rìn-ín tó fi ń fi hánkáṣíìfù nu ojú. Wọ́n gbé oúnjẹ jáde, ìrẹsì àti frèjọ́n, ẹ̀wà olómi àgbọn tí àwọn Àgùdà ń sè, gbogbo ènìyàn jókòó ti abọ́. Bàbá Felísíánò nìkan ni kò jókòó. Wọ́n lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìdìwé, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo gbé àga lọ fún wọn, wọ́n kọ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ní, "Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́, Sàfúrátù? Ó ní kí n bá òun dì í mú."

Nígbà tí ọkọ mi padà dé, òógùn bò ó, iyanrìn títì ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó rí Bàbá lórí ìdúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Bàbá Felísíánò tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i, wọ́n ní, "Ó yá, dìde, lọ ṣí i. Ebi ń pa mí."